Àpótí Kọ́ ni Sauna

Ẹni tí ó bá ra ìlù tí kò sí awọ lójú rẹ̀, igi lásán ni ó rù wálé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń ra sauna láyé òde òní rí. Owó ńlá ni wọ́n ń ná, àpótí ni wọ́n ń rà. Wọn a ra dígí tí ń kọ mànà, wọn a ra iná aláràbarà tí ń ti pupa bọ́ sí àwọ̀ ojú ọ̀run, wọn a ra pákó tí a fá títí tí ó fi ń dán. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wọ inú rẹ̀, ìkìlọ̀ kan ni yóò kọ́kọ́ kà lára ògiri: ẹ má ṣe da omi sórí òkúta. Ọjọ́ tí a bá ti lẹ ìkìlọ̀ yẹn mọ́ ògiri ni sauna ti kú nínú ilé náà. Ohun tí ó ṣẹ́ kù kò ju kọ́bọ́ọ̀dù gbígbóná lọ.

Sauna kì í ṣe ti àwọn ará Fínlándì nìkan mọ́. Ó ti di ọjà. Ó wà ní òtẹ́ẹ̀lì, ó wà ní ilé eré ìdárayá, ó wà ní ẹ̀yìnkùlé olówó ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá ní Èkó àti Àbújá náà sì ń fi í polówó ara wọn. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó yá àṣà ẹlòmíràn lò. Kò sí ìran tí kì í yá nǹkan lò. Bí àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ kò bá ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dé ọ̀dọ̀ wa láyé àtijọ́, kí ni à bá máa fi ṣe ògì, kí ni à bá máa fi ṣe gàrí lónìí? Ìjà mi ni pé ẹni tí ó yá igbá omi kò gbọdọ̀ da omi inú rẹ̀ nù, kí ó wá máa gbé igbá òfìfo káàkiri ìlú. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn: ẹni tí ó bá fẹ́ yan sauna, ìbáà ṣe fún ilé, ìbáà ṣe fún òwò, ooru omi ni kí ó kọ́kọ́ yàn. Òkúta, pákó, bẹ́ǹṣì, afẹ́fẹ́ àti iná, ìránṣẹ́ ooru náà ni gbogbo wọn. Dígí àti iná aláràbarà kò tilẹ̀ sí lára àwọn ìránṣẹ́. Àlejò ni wọ́n, àlejò kì í sì í di baálé ilé.

Ẹ jẹ́ kí a bi àwọn tí ó ni nǹkan léèrè ohun tí nǹkan wọn jẹ́. Àwọn ará Fínlándì kò pọ̀. Nǹkan bí mílíọ̀nù 5.5 ni gbogbo wọn. Síbẹ̀, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé sauna tí ó wà ní ilẹ̀ wọn tó mílíọ̀nù 3. Ó wà nílé òṣìṣẹ́, ó wà nílé ọlọ́rọ̀, ó wà nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ní Helsinki. Títí ọ̀rúndún 20 fi bẹ̀rẹ̀, inú sauna ni ọ̀pọ̀ obìnrin ìgbèríko ti ń bímọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ó mọ́, ibẹ̀ ni ó móoru, ibẹ̀ náà ni omi gbígbóná wà. Inú rẹ̀ kan náà ni wọ́n ti ń wẹ òkú kí wọ́n tó gbé e lọ sin. Ibi tí ènìyàn gbà wọ ayé, tí ó sì gbà jáde níbẹ̀, ta ni yóò pè é ní ohun ọ̀ṣọ́? Kò yà mí lẹ́nu nígbà tí àjọ UNESCO kọ àṣà sauna ilẹ̀ Fínlándì mọ́ àwọn àjogúnbá gbogbo ẹ̀dá ní 2020, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe fún sauna eléèéfín ti àwọn ará Võromaa ní Estóníà ní 2014. UNESCO kò kọ pákó sílẹ̀, kò kọ ààrò sílẹ̀. Ìṣe àwọn ènìyàn ni ó kọ sílẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pe ooru tí ń dìde nígbà tí omi bá kan òkúta gbígbóná. Löyly ni wọ́n ń pè é. Àwọn onímọ̀ èdè fi yé wa pé ọ̀rọ̀ yìí àti lélek, tí àwọn ará Húngárì ń pe ẹ̀mí ènìyàn, ọmọ ìyá ni wọ́n, àti pé èémí àti ẹ̀mí ni ìtumọ̀ rẹ̀ kí ó tó di orúkọ ooru inú sauna. Ọmọ Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ fún èyí. Àwa tí èémí àti ẹ̀mí fara kọ́ra lẹ́nu wa mọ̀ pé ohun tí a kò lè dì mú lọ́wọ́ ni ó ń gbé ohun tí a ń dì mú ró. Nítorí náà, bí oníṣòwò kan bá ta ààrò fún yín, tí ó ní kí ẹ má ṣe da omi sí i, ẹ̀mí nǹkan náà ni ó ti yọ kí ó tó tà á. Òkú ni ó gbé fún yín, owó alààyè ni ó sì gbà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ dẹ́rù bà yín. Iṣẹ́ sauna kò le. Ààrò, ìbáà jẹ́ ti igi ìdáná tàbí ti iná mànàmáná, ń mú òkúta gbóná. Òkúta àti ààrò ń mú afẹ́fẹ́ inú yàrá gbóná títí yóò fi tó 80 sí 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius lápá òkè, afẹ́fẹ́ náà a sì gbẹ. Ẹni tí ó jókòó a bu omi díẹ̀ sórí òkúta. Omi a di ooru lójú ẹsẹ̀, ooru a gun àjà, a sì rọra sọ̀ kalẹ̀ bo ara bí ìgbà tí a bá da aṣọ gbígbóná bo ènìyàn. Òógùn a bọ́. Nígbà tí ó bá tó, a jáde sí omi tútù tàbí sí afẹ́fẹ́ ìta, a sinmi, a tún padà wọlé bí ó bá wù wá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti inú ìwọ̀nba iṣẹ́ yìí ni gbogbo òfin yíyan sauna ti jáde. Nítorí pé òkè ni ooru ń lọ, bẹ́ǹṣì gbọ́dọ̀ ga. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà ní Fínlándì ní ẹsẹ̀ ẹni tí ó jókòó gbọ́dọ̀ wà lókè orí òkúta, àti pé láti bẹ́ǹṣì òkè dé àjà kò gbọdọ̀ ju mítà 1 àti díẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ àpótí tí wọ́n ń dì sínú páálí tà kò ka èyí sí. Bẹ́ǹṣì wọn lọ sílẹ̀ jù, orí oníbàárà a máa gbóná, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa tutù, òun a sì rò pé bí sauna ti ń rí nìyẹn. Òkúta gbọ́dọ̀ pọ̀ lórí ààrò, kí ó sì jẹ́ òkúta líle tí a yàn fún iṣẹ́ náà. Òkúta tí a kàn ṣà létí odò lè ní omi nínú, ó sì lè bú gbàmù nígbà tí iná bá mú un. Ó yẹ kí a máa tú u wò lọ́dọọdún, kí a sì pààrọ̀ èyí tí ó bá ti ń fọ́.

Agbára ààrò ńkọ́? Ìṣirò tí gbogbo onímọ̀ iṣẹ́ yìí fi ń bẹ̀rẹ̀ ni kílówáàtì 1 fún àyè tí ó fẹ̀ ní mítà 1, tí ó gùn ní mítà 1, tí ó sì ga ní mítà 1. Yàrá tí ó gba irú àyè bẹ́ẹ̀ 6 yóò bèèrè ààrò kílówáàtì 6. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n mítà 1 níbùú lóròó tí a bá fi dígí tàbí bíríkì lásán ṣe lára ògiri, kí a kà á bí ẹni pé yàrá fi àyè kan àti díẹ̀ tóbi sí i, nítorí pé ibẹ̀ ni ooru ń gbà sá lọ. Ẹ wá wo olówó tí ó fi dígí ṣe ògiri méjì nítorí kí àlejò lè máa wò ó láti pálọ̀: ó ra dígí lówó gọbọi, ó tún ra ààrò ńlá láti máa dáná fún dígí náà, ó sì ń sanwó iná lóṣooṣù lórí ohun tí kò fi ooru kan ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ ṣe kókó ju dígí lọ. Ihò kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́bàá ààrò tí afẹ́fẹ́ tuntun yóò gbà wọlé, òmíràn gbọ́dọ̀ wà ní òdìkejì tí afẹ́fẹ́ ogbó yóò gbà jáde. Ẹni tí orí ń fọ́ nínú sauna sábà máa ń dá ooru lẹ́bi, nígbà tí ó jẹ́ pé àìsí afẹ́fẹ́ ni ó ń dà á láàmú.

Àwọn kan yóò ní kí ni gbogbo wàhálà òkúta àti omi yìí, nígbà tí àpótí kan wà tí ń fi ìtànṣán iná mú ara gbóná láìsí òkúta, láìsí omi, tí ìgbóná rẹ̀ kò ju 45 sí 60 lọ, tí a sì lè kì í bọ ihò iná ògiri bí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. N kò sọ pé àpótí yẹn kò wúlò. Ẹni tí ara ń ro lè fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí mo sọ ni pé kí a pè é ní orúkọ rẹ̀. Bí a bá fi àmàlà ṣe oúnjẹ, a kì í pè é ní iyán nítorí pé abọ́ kan náà ni a fi gbé e kalẹ̀. Oníṣòwò tí ó jí orúkọ sauna lẹ̀ mọ́ ọjà tí kò ní löyly mọ ohun tí ó ń ṣe: orúkọ náà ni ó ń tà, nítorí ọjà rẹ̀ kò lè dá ta ara rẹ̀.

Irọ́ kejì tí wọ́n fi ń tajà burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní sauna ń fọ májèlé kúrò lára, wọ́n ní ó ń mú ẹni tí ó sanra fọ́n. Omi àti iyọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú òógùn. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ni Ọlọ́run fún ní iṣẹ́ fífọ májèlé, wọn kò sì gbé iṣẹ́ náà fún awọ ara. Ìwọ̀n tí ó dínkù lẹ́yìn sauna, bí ẹ bá mu omi tán, ó ti padà dé. Òtítọ́ tí ó wà níbẹ̀ mọ níwọ̀n. Ní 2015, àwọn oníṣègùn tí ó tọpa ọkùnrin 2,315 ní agbègbè Kuopio fún nǹkan bí ogún ọdún jábọ̀ pé ikú òjijì láti inú àrùn ọkàn kéré láàrin àwọn tí ń wọ sauna ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sí ẹ̀ẹ̀méje lọ́sẹ̀ ju láàrin àwọn tí ń wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ. Ìròyìn ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n wíwò ni wọ́n wò, wọn kò fi hàn pé sauna nìkan ni ó fa àlàáfíà náà. Ẹni tí ara rẹ̀ le tó láti wọ sauna lójoojúmọ́, ó ṣeé ṣe kí ara rẹ̀ ti le tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó ní àrùn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, àti aláboyún, dókítà ni kí wọ́n kọ́kọ́ bi, kí wọ́n má bi ẹni tí ń ta ààrò. Ẹni tí ó ti mu ọtí yó kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe níbẹ̀.

Àwọn ará Fínlándì pàápàá ti rí ibi tí àṣejù ń gbé ènìyàn dé. Láti 1999 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje sauna ti àgbáyé ní ìlú Heinola, láti mọ ẹni tí yóò pẹ́ jù nínú ooru. Ní 2010, nínú àṣekágbá tí ìgbóná rẹ̀ tó 110, ọkàn nínú àwọn méjì tí ó kù kú, ìkejì sì jóná gidigidi. Láti ọjọ́ náà ni ìdíje yẹn ti parí. Ohun tí a dá fún ìsinmi ni wọ́n sọ di ogun, ogun náà sì pa ènìyàn. Kí onílé tí ń fi sauna rẹ̀ ṣe fọ́nńté pé tòun ni ó gbóná jù ládùúgbò rántí Heinola.

Ní ti àwọn tí ń fi sauna ṣòwò, ẹjọ́ mi pẹ̀lú wọn pọ̀. Wọn a ní àwọn kọ́ ti àwọn ènìyàn pàtàkì, wọn a fi góòlù sí ọwọ́ ilẹ̀kùn. Wọn kò mọ̀ pé inú sauna ni àwọn ará Fínlándì ti ń bọ́ ipò sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ. Ní 1960, Urho Kekkonen, olórí orílẹ̀-èdè náà, mú Nikita Khrushchev, olórí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì, wọ sauna ilé rẹ̀. Agbára tí ó tóbi jù ní ìdajì ayé wọ ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbé lè wọ oyè sọ́rùn. Bí ẹ bá sì fẹ́ rí sauna tí òwò rẹ̀ tọ́jọ́, ẹ wo Rajaportti ní ìlú Tampere, tí ó ti ń gba èrò láti 1906, tàbí Kotiharju ní Helsinki, tí wọ́n ṣí ní 1928. Igi ni wọ́n ń dá nínú ààrò méjèèjì, kò sí góòlù níbẹ̀, èrò kò sì tán lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ooru ni àwọn ènìyàn ń wá.

Owó tí onítẹ́ẹ̀lì fẹ́ ná lórí góòlù, ibi tí ó yẹ kí ó ná an sí nìyí. Ilẹ̀kùn sauna gbọ́dọ̀ ṣí síta, kí títì díẹ̀ sì tó láti ṣí i. A kì í fi kọ́kọ́rọ́ tàbí ìkọ́ tí ó lè há sí i, nítorí ẹni tí òòyì bá kọ́ kò ní agbára àtiwá kọ́kọ́rọ́. Igi gbọ́dọ̀ yí ààrò ká kí ara má baà kàn án. Oníṣẹ́ iná tí ó mọṣẹ́ ni kí ó fa wáyà, kí ààrò sì ní ọ̀nà iná tirẹ̀. Ilé ìwẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí a kì í gbé ìdọ̀tí wọ sauna. Àyè ìsinmi tí ó tutù gbọ́dọ̀ wà, pẹ̀lú omi mímu. Ẹni kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa yọjú wo àwọn tí ó wà nínú rẹ̀, tí yóò máa fọ bẹ́ǹṣì, tí yóò sì máa kọ́ àlejò bí a ṣe ń bu omi sórí òkúta. Ọ̀pọ̀ tí ó lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ògiri, ọ̀lẹ ni ó jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́: ó rọrùn láti ka nǹkan léèwọ̀ ju kí a kọ́ni lọ.

Ẹnìkan yóò wá ní, 'Àwa tí oòrùn ń pa láti òwúrọ̀ dé alẹ́, kí ni a fẹ́ fi ilé ooru ṣe?' Ìbéèrè tí ó gbọ́n ni, kò sì sí oníṣòwò tí ń dáhùn rẹ̀. Ìdáhùn mi ni pé ìtura ni òpin sauna. Ní Fínlándì, Ọlọ́run ti pèsè apá kan ìtura náà: adágún wà, yìnyín wà, afẹ́fẹ́ títù wà lẹ́nu ọ̀nà. Ní Èkó, ẹni tí ó bá jáde nínú sauna bọ́ sínú ọ̀gbàrá ooru mìíràn, ìdajì nǹkan ni ó rà. Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ kọ́ sauna ní ilẹ̀ wa, ibi títù ni kí ó kọ́kọ́ kọ́: kànga tàbí táǹkì omi tútù, ibòji, àgbàlá tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Kí ó sì rò ó dáadáa kí ó tó ra ààrò kílówáàtì 6 tí yóò máa fi ẹ̀rọ amúnáwá tàn. Ààrò onígi tí ihò èéfín rẹ̀ dára kò mọ̀ bí iná lọ. Bí kò bá lè pèsè ibi títù, kí ó má kọ́ ibi gbígbóná. Kò sí ìtìjú nínú àìní sauna.

Ohun kan kù tí ó dùn mí jù. Pákó tí ọ̀pọ̀ káfíńtà ilẹ̀ Yúróòpù fẹ́ràn jù láti fi ṣe bẹ́ǹṣì sauna, abachi ni wọ́n ń pè é. Ó fúyẹ́, kì í ní oje tí ń yọ́, kì í sì í gba ìgbóná sára débi tí yóò fi jó ìdí ẹni tí ó jókòó. Ẹ mọ igi náà? Arère ni. Igi inú igbó ilẹ̀ Yorùbá, tí àwọn ará Gánà ń pè ní wawa, tí àwọn káfíńtà wa ń fi ṣe àjà àti páálí ọjà, tí a ń fojú pa rẹ́ nítorí pé kò le bí ìrókò. Olówó wa a kọ̀wé sí òkè òkun, a san owó ọkọ̀ ojú omi, a gba arère padà lábẹ́ orúkọ abachi, a sì fi han àlejò bí ohun àrà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ooru fúnra rẹ̀. Àwọn ìyá wa mọ ooru omi. Wọ́n ń se àgbo, wọ́n ń gbé ìkòkò rẹ̀ síwájú ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, wọ́n ń fi aṣọ nínípọn bo òun àti ìkòkò títí òógùn yóò fi bò ó. N kò sọ pé ìyẹn ni sauna, n kò sì sọ pé ó yẹ kí a fi rọ́pò ìtọ́jú ibà nílé ìwòsàn. Omi gbígbóná náà sì ti bó ènìyàn rí. Ohun tí mo sọ ni pé ìmọ̀ wà níbẹ̀: pé ooru omi àti ooru gbígbẹ kì í ṣe ọ̀kan náà, pé ẹni kan gbọ́dọ̀ jókòó ti ẹni tí ó wà nínú ooru, pé ìsinmi ni ó kàn lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ tí ó fi aṣọ ìyá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, tí ó pè é ní ìwà ará oko, òun kan náà ni ó ń sanwó fún kọ́bọ́ọ̀dù gbígbóná tí kò sí omi nínú rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí ó jókòó tì í. Bí ó bá ti bọ̀wọ̀ fún ìkòkò ìyá rẹ̀, ìbá ti mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí ó bi ẹni tí ń ta ààrò.

Ìbéèrè náà kò pọ̀. Ṣé mo lè da omi sí i? Ẹsẹ̀ mi yóò ha ga ju òkúta lọ? Níbo ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, níbo ni ó ń gbà jáde? Níbo ni n ó ti tutù? Oníṣòwò tí ó bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tọkàntọkàn, ẹ fún un lówó rẹ̀. Èyí tí ó bá ń fi àwọ̀ iná dá yín lóhùn, ẹ kí i pé ó dàárọ̀, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ.